Irin Tó Ń Yí Sí Òsì

Ọyẹ́ ló jí wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìkùukùu funfun bo gbogbo Ìfànyìn, ìlú wa tó wà ní apá Faransé létí ààlà, débi pé igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wa, tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti lajú sáyé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohùn ẹyẹ ẹ̀gà ń ti orí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ojú kò rí igi, kò rí ẹyẹ. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi pé èèyàn tẹ ikùn àkèré. Ètè gbogbo wa ti sán, àdí ni a fi ń pa á kí ẹ̀rín má baà fà á ya. Ohun kan ṣoṣo tó gbóná nínú agbo ilé wa ni ìkòkò ẹ̀kọ ìyá mi. Òórùn ogì kíkan tó ń hó gba inú ọyẹ́ kọjá lọ sí ojúlé àwọn ará àdúgbò, òun ló ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti mọ́, nítorí oòrùn fúnra rẹ̀ kò tíì yọjú.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe èwe nígbà náà yóò rántí irú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ìsinsìnyí kàn ń yọjú ni, ó ti lọ.

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ bàbá mi. Wọ́n ti fi àwẹ́ ìró ìyá mi kan tó ti gbó so ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí. Ẹrù mi ti wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́: aṣọ díẹ̀, pátákó dúdú tí mo fi ń kọ̀wé, àti ẹ̀kọ gbígbóná tí ìyá mi wé sínú ewé fún ọ̀nà. Ìlú Bánígbé ni mò ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọjọ́ tí n ó padà.

Ọwọ́ òsì yìí ló fa gbogbo rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Bí mo bá fẹ́ gba nǹkan, òun ló ń kọ́kọ́ jáde. Bí mo bá fẹ́ sọ òkúta, òun náà ni. Ìyá mi fi omi ewúro pa á, mo lá a tán. Ó fi ata pa á, mo fi ra ojú, mo sunkún títí, òsì náà ni mo tún fi nu omijé. Bàbá mi kì í nà mí sí i. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ: "Àṣàkẹ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni." Èmi a wo ọwọ́ mi, n kò ní mọ ohun tó ṣe tí kò fi yẹ kó júwe ilé bàbá mi, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni òun náà ń sùn.

Ní ilé ìwé Faransé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa a máa fi rúlà gbá ẹ̀yìn ọwọ́ náà, á ní, "L'autre main!" Faransé àkọ́kọ́ tó yé mi láyé mi nìyẹn: ọwọ́ kejì.

Ohun tó tún mú un burú ni pé ọwọ́ náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà yí nǹkan. Ẹ mọ ìdérí kékeré tó wà níbi tí a ti ń rọ epo sínú àtùpà. Ọ̀tún ni gbogbo ayé ń yí i sí kó tó le. Bí wọ́n bá ní kí èmi dé e, òsì ni ọwọ́ mi ń yí i sí, ńṣe ló sì ń tú. Epo dà sórí ẹní nígbà kan, ẹní náà rùn títí a fi jù ú nù. Látìgbà náà ni àwọn ọmọ agbo ilé ti sọ mí ní Àyísódì. Bí mo bá ti súnmọ́ àtùpà, wọ́n á pariwo pé, "Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o! Àyísódì fẹ́ tú ayé palẹ̀!"

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ọ̀rọ̀ ọjà ló ba nǹkan jẹ́. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ lọ́jà Ìfànyìn, èmi ni mo sì ń bá a wé e. Òsì mi yára: ó bu ẹ̀kọ sínú ewé, ó ká a, ó ṣẹ́ ẹ dé, ó ti kan òmíràn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó máa ń ra ẹ̀kọ fún àwọn alágbàṣe rẹ̀ dúró, ó wò mí, ó sì kó èyí tó ti rà padà sínú igbá wa.

"Ìyá Àṣàkẹ́, ṣé ọwọ́ tí ọmọ yín fi ń nu ìdí lẹ fẹ́ kí n fi bọ́ èèyàn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọdé ni."

"Ọmọdé kọ́ ló ń dàgbà? Bẹ́ ẹ bá ń rẹ́rìn-ín sí i, ọkọ rẹ̀ ni yóò dá a padà fún yín, tòun tigbá ẹ̀kọ."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó yí ọjà ká. A ru ẹ̀kọ padà sílé lọ́jọ́ náà, òun ni a jẹ lálẹ́, òun ni a jẹ láàárọ̀, òun ni a jẹ títí ó fi kan mọ́ wa lẹ́nu. Ìyá mi kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin gbọ́. Bánígbé ni ilé ọkọ rẹ̀, Ìyá Bánígbé sì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga, ó pupa, ohùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ló pọn bàbá mi dàgbà, nítorí náà bó bá ti sọ̀rọ̀ nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó wá, ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Àjàní, gbé ọmọ yìí wá fún mi. N ó so ọwọ́ náà mọ́ ọn lára títí yóò fi gbàgbé pé òun ní i. Mo ṣe é fún ọmọ tèmi, ó sì fi í sílẹ̀."

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́."

"Ìyàwó mi, a ò ní kó má wẹ̀ ẹ́. A ní kó má fi í ta oúnjẹ."

Ìyá mi kó ife omi rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ?

Bí mo ṣe di ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ nínú ọyẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n òtútù ti dí imú mi. Kì í ṣe okùn ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé n ó jí lọ́la ní ibi tí n kò ní gbọ́ òórùn ogì ìyá mi.

Kẹ̀kẹ́ ńlá dúdú ni kẹ̀kẹ́ bàbá mi, àlòkù tó rà ní Ìdìrókò. Orí rẹ̀ ló ń kó epo pupa sí lọ sí Ìgólò, epo náà sì ti wọ ara irin rẹ̀ débi pé bí oòrùn bá pa á, yóò máa rùn bí ọbẹ̀. Bàbá mi tì í síta, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé pẹ́dàlì, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe kí wọ́n tó na ẹsẹ̀ kejì kọjá. Gbàgà! Pẹ́dàlì já bọ́ sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí bàbá mi náà tẹ̀ lé e.

"Irú èwo tún lèyí?"

Ó mú un nílẹ̀, ó fẹ́ iyanrìn kúrò lára rẹ̀. Ìdí pẹ́dàlì náà ní irin kan tó gùn bí ìka, ìlà wẹ́wẹ́ sì yí ara irin náà ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ejò ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Inú ihò tó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ ló ń wọ̀. Bàbá mi kì í bọ ihò náà, ó yí i sí ọ̀tún. Kò mú. Ó yọ ọ́, ó fi aṣọ nù ún, ó tún kì í, ó tún yí i sí ọ̀tún. Ńṣe ló ń yí lófìfo bí ọmọdé tó ń fi ìka wá nǹkan nínú imú. Ó da àdí sí i. Ó ní kí ìyá mi wá di kẹ̀kẹ́ mú. Ó fi gbogbo agbára tì í, ó yí i. Nínú òtútù yẹn, òógùn yọ lọ́rùn rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ ò ṣe pe ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe?"

"Ó ti lọ sí Pọ́bẹ̀, ó lọ sin àna rẹ̀."

"Bọ́rọ̀ bá rí báyìí, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lásán ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi náà gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ń retí wa. Mo ti ránṣẹ́." Ó yẹ irin náà wò. "Ìlà rẹ̀ ló ti jẹ. N ó wé òwú mọ́ ọn, bóyá yóò mú wa dé ọ̀hún."

Ó wọlé lọ wá òwú. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀kọ hó dà sínú iná, ìyá mi sáré lọ bá a. Kí bàbá mi tó wọlé, ó ti gbé pẹ́dàlì lé mi lọ́wọ́: "Di èyí mú. Má jẹ́ kó bọ́ sí iyanrìn o."

Irin náà wúwo, àdí sì ti jẹ́ kó máa yọ̀. Ọ̀tún mi nìkan kò ká a. Mo fa òsì mi yọ nínú àwẹ́ ìró, kì í ṣe láti ṣe àìgbọràn, kí irin má baà bọ́ ni.

Bí mo ṣe gbé e súnmọ́ ojú nìyẹn. N kò rí irú rẹ̀ ní ìtòsí bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìlà náà tinrín ju òwú tí a fi ń dirun lọ, wọ́n sì dọ́gba, kò sí èyí tó sanra ju èkejì. Wọ́n ń gun irin lọ sókè bí èèrà tó tò lẹ́yìn ara wọn, wọn kò pàdé, wọn kò já. Mo ronú pé ọ̀bẹ wo ló lè ṣe irú eléyìí, ojú ta ló ríran tó bẹ́ẹ̀? Mo sì tún rí nǹkan mìíràn. Mo mọ ìlà ìdérí àtùpà dáadáa, nítorí mo ti tú u títí ó fi sú mi. Ìlà ti àtùpà ń gòkè lọ sápá ọ̀tún. Ìlà èyí ń gòkè lọ sápá òsì.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e sẹ́nu ihò. Ọwọ́ òsì mi yí i bó ṣe mọ̀ ọ́n yí, bó ṣe máa ń yí i tí wọ́n fi ń gbá a.

Ó mú.

Mo tún yí i. Ó ń wọlé lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbín ṣe ń fà wọ ìkarahun rẹ̀. Kò gan, kò ké. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé tí ọwọ́ mi yóò yí nǹkan tí nǹkan náà yóò sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àárín ìyẹn ni mo tó rántí pé bí kẹ̀kẹ́ bá ti ṣe, mo ti dé Bánígbé nìyẹn. Bí mo bá yọ irin náà, tí mo dákẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni n ó sùn. Mo ro ó, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò dúró gbọ́. Ohun tí mò ń wò tóbi jù mí lọ. Mo yí i títí kò fi yí mọ́.

Bàbá mi jáde pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Ó wo kẹ̀kẹ́. Ó wo àwẹ́ ìró tó ń fì ní ìbàdí mi.

"Ta ló ṣe é?"

Mo gbé ọwọ́ tó ṣe é sókè, mo sì ń dúró de ìgbájú.

Kò gbá mi. Ó kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́, ó tú u, ó yí i sí òsì, ó mú. Ó tú u, ó yí i sí ọ̀tún, kò mú. Ó lọ sí apá kejì, ó mú sípánà nínú àpò kékeré abẹ́ ìjókòó, ó tú pẹ́dàlì ọ̀tún. Ti ọ̀tún yí sí ọ̀tún bíi ti gbogbo ayé. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìyá Àṣàkẹ́! Wá wo nǹkan! Kẹ̀kẹ́ kan náà, ọwọ́ méjì ló ní!"

Ìyá mi wá pẹ̀lú orógùn tó fi ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́, ẹ̀kọ ń kán lára igi náà. Ó wò ó, ó sì wo ojú mi pẹ́. Ó ní, "Ẹ ó ṣì gbé e lọ?"

"Mo ti ránṣẹ́," ni bàbá mi wí. Ó de pẹ́dàlì méjèèjì padà, ó tún ọwọ́ mi so, ṣùgbọ́n kókó tó ta síbẹ̀, ewúrẹ́ tí ebi kò tilẹ̀ pa lè tú u.

Lójú ọ̀nà, n kò rí nǹkan kan nínú ọyẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn bàbá mi àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ọkàn mi ń sọ pé yóò tú. Kò tú. Nígbà tí a rí ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, tó ti dá iná síwájú ara rẹ̀ tó ń yá, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ bá mi wo kẹ̀kẹ́ yìí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń yí sódì."

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ dìde. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí gbogbo kẹ̀kẹ́ ṣe rí nìyẹn kí wọ́n tó bí èmi àtẹ̀yin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yí sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì yí sí òsì. Bí wọ́n bá ṣe ti òsì bíi ti ọ̀tún, bẹ́ ẹ ṣe ń wà á lọ ni yóò máa tú ara rẹ̀ lọ, ẹ ó kàn bá ara yín nínú kòtò ni. Wọn ò dì í le tó ló fi já." Ó mú sípánà, ó fún un mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan.

Bàbá mi dúró síbẹ̀. "Ta ló ronú kan ìyẹn?"

"Ẹni tó ti ṣubú rí ni," ni ọkùnrin náà wí, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Láti ibẹ̀ dé Bánígbé, bàbá mi ń tẹjú mọ́ pẹ́dàlì òsì náà bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ lọ. Èmi ń ro ẹni tó ṣubú náà. Mo rí i ní ọkàn mi, ní ìlú tó jìnnà, tó dìde nílẹ̀, tó gbọn eruku ìdí, tí kò bú kẹ̀kẹ́, tí kò bú ẹsẹ̀ òsì, tó sì lọ jókòó láti gbẹ́ ìlà tuntun tí yóò bá ẹsẹ̀ náà mu.

Ìyá Bánígbé wà lójúde, ó ń fọ́ èkùrọ́ lórí òkúta. Ọ̀já tuntun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó ti wá sílẹ̀ fún ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ọmọ dà? Ọwọ́ ọ̀hún dà?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín ná." Ó tú pẹ́dàlì méjèèjì, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀ lórí èèpo èkùrọ́. "Ẹ mú ti ọ̀tún, ẹ fi sójú òsì."

"Èmi ni kí n wá tún kẹ̀kẹ́ ṣe? Àjàní, ọyẹ́ ti mú ọ lórí." Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Ìyá Bánígbé kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó mú un, ó kì í, ó yí i. Ó kọ̀. Ó pa eyín pọ̀, ó tún yí i. Ó kọ̀. "Ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ọ̀tún tipátipá, ojú ọ̀nà ni yóò ti já a kulẹ̀." Ó sì sọ ohun tí mo ṣe láàárọ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan pé ọwọ́ tí wọ́n dè ni mo fi ṣe é.

Ìyá Bánígbé fi irin náà sílẹ̀, ó mú òkúta rẹ̀, ó fọ́ èkùrọ́, ó tún fọ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ló pè mí: "Ìwọ. Wá síbí. Tú àkísà yẹn, kó o fọ́ èyí kí n wò ó."

Mo jókòó, mo fi òsì mú òkúta. Àwọn èkùrọ́ ń jáde ní odindi, ọmọ wọn kò fọ́. Ó ń wò mí. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ní, "Ọmọ tèmi, látìgbà tí mo ti so ọwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ kò sinmi. Bó bá lu èkùrọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, á lu àtàǹpàkò náà ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo máa ń sọ pé òun ni kò fara balẹ̀."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo èkùrọ́ kúrò lára pẹ́dàlì.

"Ó dáa," ni Ìyá Bánígbé wí, ohùn rẹ̀ sì tún gbé sókè. "Fetí sílẹ̀. Irin kì í bá èèyàn jẹun nínú àwo kan náà, ṣùgbọ́n ìwọ ń bá wọn jẹun, nítorí náà ìwọ kì í ṣe irin. Ọ̀tún ni wà á fi jẹun. Ọ̀tún ni wà á fi fún àgbà ní nǹkan, òun ni wà á fi gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀tún ni wà á fi gbé ẹ̀kọ fún oníbàárà, kẹ́nikẹ́ni má rí òsì rẹ lórí igbá ìyá rẹ. Iṣẹ́ tó bá kù, fi èyí tí Ọlọ́run fún ọ ṣe é. Bó o bá gbàgbé, n ó gbọ́, n ó sì wá."

"Ẹ ṣé, Ìyá wa," ni mo wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Dúpẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ àlòkù." Ó mú ọ̀já tuntun náà, ó fi di àpò èkùrọ́ kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fún ìyá mi. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, mo ti wà nílé.

Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Mo pa òfin Ìyá Bánígbé mọ́ títí ó fi di ara mi, débi pé àwọn ọmọ tí mo bí kò mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni mí àfi ìgbà tí mo bá mú ọ̀bẹ. N kò lọ jìnnà nílé ìwé, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára nǹkan tó ń yí. Lọ́dún kan, a tú abẹ̀bẹ̀ oníná kí a lè fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, mo sì rí i pé ìdérí kékeré tó di apá rẹ̀ mú láàárín, òsì ló ń yí sí. Abẹ̀bẹ̀ ń sáré sí ọ̀tún, ẹni tó ṣe é sì ti mọ̀ pé bí ìdérí náà bá bá a lọ sí ọ̀tún, yóò tú ara rẹ̀ dànù. Mo jókòó ti omi ọṣẹ náà, mo ń wò ó, wọ́n rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Lẹ́yìn èyí, ọmọ mi obìnrin ra ìgò gáàsì fún mi kí èéfín má baà ba ojú mi jẹ́. Mo fẹ́ so orí rẹ̀, irin tí gáàsì ń gbà jáde, mọ́ ọn. Mo yí i sí ọ̀tún, ó kọ̀. Mo fi aṣọ mú un, mo yí i, mo bú u. Mo ní ayédèrú ni, kí wọ́n gbé e padà fún ẹni tó tà á. A ti gbé e lé orí sémíjàn, alùpùpù akérò, èmi náà ti gùn ún, onísémíjàn ti tanná sí i, kí n tó kígbe pé kó dúró. Mo bọ́ sílẹ̀, mo na ọwọ́ òsì mi, mo yí i sí òsì. Ó mú. Wọ́n ní nítorí iná ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ dè é. Onísémíjàn ní, "Màmá, ṣé mo lè máa lọ?" Mo ní kó máa lọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín ara mi.

Ọmọ tó dúró nínú ọyẹ́ yẹn fọwọ́ kan irin kó tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Èmi tí orí mi ti funfun sọ̀rọ̀ tán kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n tí mo ní báyìí pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, mo mọ iye nǹkan lọ́jà, mo mọ ẹni tó ń purọ́. Ṣùgbọ́n ó wo nǹkan dáadáa jù mí lọ, ó sì ṣe tán láti pàdánù ohun tó fẹ́ nítorí pé ó rí ohun ìyanu. N kò mọ̀ bóyá mo ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí a ti Bánígbé dé, gẹ́rẹ́ tí a wé ẹ̀kọ tán, mo jáde lọ wá àwọn yòókù. Ó dá mi lójú pé irú irin náà kò lè jẹ́ ẹyọ kan láyé. Mo ń wọ ojúlé kan dé òmíràn, mo ń kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní tó ń yí?" Àwọn kan pariwo pé Àyísódì ti dé, kí wọ́n gbé àtùpà pamọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kó o fún mi: ìdérí ìpara, ìgò lọ́fínńdà, àtùpà, irin tí wọ́n fi de bẹ́ẹ̀dì, títí dé irin kékeré ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo tú gbogbo wọn, mo wo ìlà wọn lójú oòrùn, mo sì dé wọn padà kó le, sí ọ̀tún, ọ̀kan kò dà. Ọ̀tún ni gbogbo wọn. Nígbà tí kò sí ilé tí n kò tíì wọ̀ mọ́, mo padà sí agbo ilé wa, mo jókòó sílẹ̀ ní apá òsì kẹ̀kẹ́ bàbá mi, mo gbé ọwọ́ mi lé pẹ́dàlì náà, a sì jọ wà níbẹ̀ títí ìyá mi fi pè mí wá jẹun.